Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Líle Tiro

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀ mi. Ó le koko. Kò sí ẹsẹ̀ tó yá gágá tó o ní gbogbo Nagoya lọ́dún yẹn, ọ̀pá méjì ni mo sì fi ń gbé e kiri.

Orúkọ mi ni Kusakabe Mizuho. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ bàtà onírin, kí n máa jó lórí yìnyín níwájú àwọn adájọ́, kí n fò sókè, kí n yí po, kí n sì balẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni pé kò rẹ̀ mí. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ṣe ipò kẹrin ní àgbáyé. Àwòrán mi wà lára ògiri ibùdókọ̀ ojú irin àdúgbò wa, níbi tí mo ti ń polówó wàrà, tí páálí wàrà ọ̀hún sì tóbi ju orí mi lọ.

Èmi náà gbà pé èèyàn ńlá ni mí. Ẹnikẹ́ni ò ní láti rọ̀ mí kí n tó gbà.

Tsumura Orie dé bá wa ní pápá yìnyín nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, láti abúlé àwọn apẹja kan ní Toyama. Àpò kan ló gbé wá, pẹ̀lú bàtà yìnyín tí ẹlòmíì ti wọ̀ gbó. Kóòṣì wa, Hirabayashi, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí kì í rẹ́rìn-ín tí kì í sì í jókòó, ní kí n mú ọmọ náà bí àbúrò.

Mo sì mú un bí àbúrò. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irun tí kò fi ní tú. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹríba fún adájọ́. Mo kó àwọn aṣọ ìdíje mi tí kò gbà mí mọ́ fún un. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo láàánú. Òótọ́ ni. Mo láàánú rẹ̀ gan-an, títí di ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ga jù mí lọ.

Ìfò kan wà nínú iṣẹ́ wa tí èèyàn máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta àti ààbọ̀ lókè kí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tún kan yìnyín. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wá a. Mo ti tìtorí rẹ̀ ṣubú débi pé ìdí mi mọ pápá yẹn ju ojú mi lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá, Orie, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sáré wá, ó gbéra, ó yí, ó balẹ̀. Kò tíì jẹun àárọ̀ pàápàá.

Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dáa báyẹn?”

Mo ní ó dáa. Mo ní kó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè díẹ̀ sí i nígbà míì. Mo kàn ń wá nǹkan tí màá sọ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, èmi náà dán ìfò yẹn wò. Kì í ṣe pé mò ń jowú o. Ó kàn wù mí láti fò ó lẹ́ẹ̀mejìlá láìsinmi ni. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá, ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi rọ́.

Dókítà ya àwòrán rẹ̀, ó ní kò já, kò sán, kí n sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó di báńdéèjì mọ́ ọn, ó sì fún mi ní ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì bọ abíyá. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ ń kà. Ẹ jẹ́ kó wà lákọọ́lẹ̀ pé mo lo ọjọ́ méjìlá gbáko nínú òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjìlá yẹn dùn. N kò ní purọ́ fún yín, ó kéré tán lórí èyí. Kóòṣì Hirabayashi, tí kò bèèrè àlàáfíà mi rí láti ọdún mẹ́wàá, bèèrè bóyá mo sùn dáadáa. Ìyá mi ń se ọbẹ̀ míso olú tí mo fẹ́ràn láràárọ̀. Àwọn èèyàn ń dìde fún mi nínú rélùwéè. Kò sẹ́ni tó ń ní kí n fò. Kò sẹ́ni tó ń fi mí wé ọmọ kankan.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, mo jí, mo na ẹsẹ̀ náà, kò dùn mí. Mo dìde lé e. Mo fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Ó ti san pátápátá.

Inú mi bàjẹ́.

Ìdíje gbogbo ilẹ̀ Japan máa wáyé nínú oṣù Kejìlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń lọ ìdíje àgbáyé. Mo mọ àwọn méjì tó máa gba ipò kìíní àti ìkejì. Àwọn yẹn ti kọjá agbára mi tipẹ́. Ipò kẹta ló kù, Orie sì ti ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta àti ààbọ̀ kó tó jẹun àárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jókòó sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì kóòṣì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń bá ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ tó ń mú eléré sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń bi í léèrè ìlera mi. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá màá lè díje. Lẹ́yìn náà ló ní òun mọ ìlànà: ẹni tó bá wà nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ní àgbáyé lọ́dún tó kọjá, tó wá fara pa, ìgbìmọ̀ lè mú un láìjẹ́ pé ó díje, tó bá ti lè gbádùn kó tó di oṣù Kẹta.

Ẹ rò ó wò pẹ̀lú mi. Bí mo bá díje, Orie á nà mí níwájú gbogbo ayé. Bí n kò bá díje, mo ṣì jẹ́ ẹni kẹrin ní àgbáyé, àánú mi á sì tún máa ṣe àwọn èèyàn. Ta ló fẹ́ jẹ́ akọni nígbà tó lè jẹ́ aláìsàn?

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní ó ṣì ń dùn mí. Ó tẹ ibì kan, mo ní ibẹ̀ ni. Ó tẹ ibòmíì, mo ní ibẹ̀ náà ni. Ó tún ya àwòrán, kò rí nǹkan kan, ó wá ṣe ohun tí dókítà tó lọ́kàn rere máa ń ṣe: ó gba aláìsàn gbọ́. Ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i fún mi. Ó tún tọrọ àforíjì pé ìrora mi kò hàn nínú àwòrán.

Báyìí ni iṣẹ́ tuntun mi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé títiro rọrùn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Mo fi dígí ilé wa kọ́ ọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì fún ojú pọ̀ bí ẹni tí nǹkan gún. Bó bá jẹ́ pé àwọn adájọ́ ń fún títiro ní máàkì ni, ǹ bá ti di ọ̀gá àgbáyé.

Àwọn akọ̀ròyìn ń kọ̀wé nípa ìgboyà mi. Ilé iṣẹ́ wàrà yí pátákó wọn padà. Wọ́n kọ “Mizuho, a ń dúró dè ọ́” sí i, wọ́n sì dín páálí náà kù kí ojú mi lè hàn. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo fi ń fò kò ṣe irú rẹ̀ fún mi.

Orie wá ni ẹni tó ń gbé àpò mi.

N kò ní kó gbé e. Ó gbà á lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kejì, kò sì dá a padà mọ́. Láràárọ̀ ló ń dúró dè mí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀, àpò tirẹ̀ léjìká ọ̀tún, tèmi léjìká òsì. Ó ń rọra rìn kí n má bàa rò pé mò ń dá a dúró. Ó máa ń di ìrẹsì mọ́ ewé òkun, á fi ẹja tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀, á ní kí n jẹ ẹ́, pé ẹja ń mú egungun le. Mo ń jẹ ẹ́. Ó dùn púpọ̀.

Oṣù Kejìlá dé. Mo jókòó sórí ìjókòó nínú gbọ̀ngàn ìdíje náà, ọ̀pá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí kámẹ́rà ti lè rí wọn. Orie fò, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta àti ààbọ̀, ó balẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Èmi náà dìde, ní ẹsẹ̀ kan, kámẹ́rà sì yára yíjú sí mi. Ipò kẹta ló gbà.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì pe orúkọ mẹ́ta. Ẹni kìíní. Ẹni kejì. Kusakabe Mizuho, tó bá ti gbádùn. Wọ́n fi Orie ṣe agbapò, ẹni tó máa lọ bí ẹnì kan kò bá lè lọ.

Mo bá a nínú yàrá ìmúra. Ó ń tú okùn bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún mi pé bàbá òun ti lọ gba ìwé ìrìnnà. Ọkùnrin náà ò kúrò ní Japan rí láyé rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá mú ọmọ òun, òun á lọ wò ó ní Kánádà, níbi tí ìdíje àgbáyé ti máa wáyé. Orie ní òun máa pè é lálẹ́ pé kó fi ìwé náà pamọ́ di ọdún míì.

Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, àyè yín ni. Kí ara yín ṣáà yá.”

Ó yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ kan gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ kejì.

Ẹ lè dúró níbí kí ẹ bú mi tán. Màá dúró dè yín.

Wàhálà tí ó kù ni pé ẹni tó ń lọ ìdíje àgbáyé gbọ́dọ̀ lè fò. Ara mi sì ti ń rọ. Itan mi ti di ti ìyàwó ilé olówó. Kí oṣù Kejì tó parí, mo ní láti fi hàn ìgbìmọ̀ pé mo ti yá, n kò sì lè gun yìnyín Nagoya kí ẹnikẹ́ni má rí mi.

Mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n júwe omi gbígbóná kan fún mi lórí òkè, lẹ́bàá adágún Suwa, tó ń sun láti inú ilẹ̀ tó sì ń wo ọrùn ẹsẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo ń wọ rélùwéè lọ síbẹ̀. Mo ń ti ọ̀pá mọ́ inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yá èrò ní ibùdókọ̀, mo ń fi ìbomú bo ẹnu, mo ń fi fìlà bo irun, mo sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ sí pápá yìnyín kékeré kan tí àwọn arúgbó àdúgbò ti ń ṣeré lọ́sàn-án.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo padà délé, ìyá mi bèèrè bí omi náà ṣe rí. Mo ní ó gbóná, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, bí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rùn. Ó gba aṣọ mi láti fọ̀. Ó gbé e sí imú díẹ̀, ó lọ.

Ní pápá yẹn ni mo ti pàdé Bàbá Koike. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, àgbẹ̀ tó ń gbin èso ápù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì sọ fún mi pé dípò kí òun máa wo tẹlifíṣọ̀n tẹkúntẹkún, òun pinnu láti kọ́ ohun tí òun ò mọ̀. Ó ń di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èrò mi ni kí n rọra yọ̀ kiri, kí n má pe àfiyèsí. Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àfi ìgbà tí Bàbá Koike fi ògiri sílẹ̀, tó sáré díẹ̀, tó sì ta pọ́n-ún sókè. Ìlàjì yíyí ni. Gíga rẹ̀ kò ju ìwé kan lọ. Àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta tó jókòó létí pápá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ó fò kọjá òkè.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò lè fara dà á. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ìfò mi kẹ́yìn. Mo sáré yí pápá ká, mo gbéra, mo yí po lẹ́ẹ̀mẹta, mo balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni, òsì.

Àwọn ìyá náà kò pàtẹ́wọ́. Ẹnu wọn ni wọ́n là sílẹ̀. Bàbá Koike rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

“Tíṣà,” ni ọkùnrin tó lè bí bàbá mi pè mí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí n fi fóònù ká a. Màá máa wò ó nílé kí n lè mọ bí ẹ ṣe ń gbé èjìká.”

Ọmọ tó lọ́gbọ́n lórí máa sá lọ. Èmi tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò rẹwà tó. Ó bi mí léèrè orúkọ, mo ní Mizu ni wọ́n ń pè mí. Láti ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ́ ọ, mo sì ń gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ka ìròyìn eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ ápù ni wọ́n ń kà nílé tirẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, mo kánjú bá rélùwéè, mo gbàgbé ìdérí irin bàtà mi sórí bẹ́ǹṣì. Ike pupa méjì lásán ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ orúkọ mi ní kíkún sára wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ wa, bó ṣe ń kọ ọ́ sára gbogbo nǹkan mi láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wá kí mi ní pápá wa. Wọ́n ti fi oṣù kan gbáko ká ẹgbẹ̀rún kan ẹyẹ bébà, bí wọ́n ṣe máa ń fi tọrọ ìwòsàn fún aláìsàn, kí ẹsẹ̀ mi lè san. Akọ̀ròyìn méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Kóòṣì dúró, bó ṣe máa ń dúró. Ìyá mi wà níbẹ̀. Orie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àpò mi léjìká rẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sílẹ̀. Mo tilẹ̀ ti mọ ibi tí ohùn mi ti máa gbọ̀n.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọn ẹyẹ náà kọ́ mi lọ́rùn ni ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá Koike ló wọlé. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó ló wọ̀, ó gbé páálí ápù mọ́ra, ìdérí pupa méjì wà lórí rẹ̀. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn ọ̀pá náà. Ojú rẹ̀ yí padà, páálí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Háà, Tíṣà mi,” ló ní. “Kí ló ṣe yín láti Ọjọ́bọ̀?”

N kò tíì múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún èyí.

Ó yíjú sí Kóòṣì Hirabayashi, ó tẹríba, ó ní kó má bínú tí òun bá ń dá nǹkan dúró. Ó ní òun kàn wá dá nǹkan Tíṣà padà ni, ó sì tún ní òun fẹ́ dúpẹ́, torí pé òun náà ti lè yí po lódindi báyìí. Ó ní ìfò Tíṣà ní Ọjọ́bọ̀ ṣì mọ́ rekete, pé kí ló lè ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde láti fi bí mo ṣe ń fò hàn wọ́n. Tìyanu-tìyanu ló fi ń fi hàn wọ́n, bí ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn.

Kóòṣì wò ó dópin. Akọ̀ròyìn kan na ọrùn, òun náà wò ó. Kóòṣì dá fóònù padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Mizuho,” ló ní, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Gbé àwọn ọ̀pá yẹn sílẹ̀ kí o máa rìn bọ̀ níbí.”

Mo wo ìyá mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo gbé àwọn ọ̀pá náà sílẹ̀, mo sì rìn. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo ti jó níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti wo ẹsẹ̀ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin kékeré kan fa aṣọ tíṣà rẹ̀. “Àǹtí, àwọn ẹyẹ wa ti ṣiṣẹ́.”

Gbogbo àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́. Inú wọn dùn dé ibi tó yẹ kó dùn dé. Àwọn nìkan ló pàtẹ́wọ́.

Ó wá yé Bàbá Koike. Mo rí i bó ṣe ń yé e, láti ojú wá sí èjìká. Ó gbé páálí ápù sílẹ̀, ó sì tẹríba fún mi títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ó ní kí n dárí ji òun. Kí n dárí ji òun o.

Orie bọ́ àpò mi kúrò léjìká. Kò jù ú. Ó rọra gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀pá, ó tò ó dáadáa, ó wá wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ sórí yìnyín.

Nínú ọkọ̀, ìyá mi ló ń wakọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún tuntun. Ó ní aṣọ mi kò rùn bí omi orí òkè rí, òórùn yìnyín ló ń rùn, òun sì ti ń fọ òórùn yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi.

“Ìwọ ni mò ń dúró dè kí o sọ fún mi,” ló ní.

Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó ti gbá mi létí lọ́jọ́ náà.

Ìyókù, ẹ̀yin náà lè fojú inú wò ó. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ kí a tó délé. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀, sí dókítà, sí ilé ìwé àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n yọ orúkọ mi, wọ́n sì ní kí n má díje fún ọdún kan gbáko. Ilé iṣẹ́ wàrà lẹ àwòrán màlúù mọ́ ojú mi ní ibùdókọ̀. Màlúù náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mo sì gbọ́ pé wàrà tà sí i.

Orie lọ sí Kánádà. Bó bá jẹ́ ìwé ìtàn ni, ǹ bá sọ fún yín pé ó gba wúrà. Ó ṣubú nínú ìfò ńlá rẹ̀, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fún un láti múra gẹ́gẹ́ bí eléré, lẹ́yìn tó ti lo oṣù kan àti ààbọ̀ ní ipò agbapò. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Kámẹ́rà ṣèèṣì kan bàbá rẹ̀ nínú èrò. Ọkùnrin náà di ìwé ìrìnnà rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n lè tún bi í léèrè rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Orie padà dé, mo lọ dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ níbi tó máa ń gbà. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi kọjá lára mi. Ní ọjọ́ keje ló dúró. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo gba àyè rẹ̀, mo ní mo jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ pamọ́, mo ní mo jẹ ẹja rẹ̀.

Ó gbọ́ mi tán. Kò sunkún, kò sì pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló ní, “ǹ bá ti nà yín ní oṣù Kejìlá. Bí ẹsẹ̀ yín méjèèjì tilẹ̀ yá, ǹ bá ṣì nà yín. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń múra de ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn lẹ gbà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe Kánádà.”

Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà mí nímọ̀ràn kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ojú má bàa tì mí mọ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ó sì bá ìwà mi mu: kí n tún sá. Kóòṣì Hirabayashi kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó ní pápá ń ṣí ní aago mẹ́fà àárọ̀ fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè wá. Ọdún kan gbáko ni mo fi bá àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà gun yìnyín. Wọ́n bi mí léèrè bóyá èmi ni obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún. Mo ní èmi ni.

Bí ẹ bá ń retí kí n sọ pé ẹ má purọ́, ẹ̀yin náà ti mọ ìyẹn kí ẹ tó ra ìwé ìròyìn yìí. Ohun tí n kò mọ̀ lèmi fẹ́ sọ: mo rò pé ìjákulẹ̀ ni mò ń sá fún. Àṣé ọmọbìnrin kan ni mò ń sá fún, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi di irun rẹ̀.

Nígbà tí ọdún náà pé, mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje agbègbè wa. Wọ́n pe orúkọ mi, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó hó lé mi lórí. Mo jó. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde. Ipò keje ni mo ṣe. Orie ló ṣe ipò kìíní, ó sì fi máàkì mọ́kàndínlógójì jù mí lọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òógùn ń bọ́ lára mi, mo ń wo orúkọ wa lórí pátákó: tirẹ̀ lókè pátápátá, tèmi nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Ó jáde wá pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Ó dúró níwájú mi. Òun náà wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù rìn jìnnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́.

“Ẹ ṣé tí ẹ wá,” ló ní.